Ìlànà Yohanan ben Zakkai ní Yavneh: kí ló dé tí wọn kò fi gbọdọ̀ jẹ ọkà tuntun títí ọjọ́ fi ṣú?

Òǹkàwé_71

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé àwọn Rábì. Ọ̀rọ̀ Rabban Yohanan ben Zakkai ni mo gbé wá, amòye Júù tó ń kọ́ni ní ìlú Yavneh lẹ́yìn ìparun Jerúsálẹ́mù. Orí kẹrin ìwé Rosh Hashanah nínú Míṣínà (àkójọ òfin àtijọ́ àwọn Rábì) kó àwọn ìlànà tó ṣe lẹ́yìn tí Tẹ́ḿpìlì jó ní ọdún 70 jọ síbì kan, àmọ́ nǹkan mẹ́ta ta kókó níbẹ̀.

Èkíní, ìtàn pósí. Wọ́n ní wọ́n gbé e jáde ní Jerúsálẹ́mù bí òkú, ó sì lọ bá Vespasian, ọ̀gágun Róòmù. Ṣùgbọ́n Titus ló sàga ti ìlú náà. Báwo ni kí á ṣe ka ìtàn yìí?

Èkejì, ọkà tuntun. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí Tẹ́ḿpìlì, kò sí ọrẹ omer mọ́, ìyẹn ọrẹ ọkà báálì tuntun. Kí wá ló dé tó fi ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ọkà tuntun ní gbogbo ọjọ́ 16 oṣù Nísánì (oṣù Àjọ Ìrékọjá)? Ṣé ọ̀fọ̀ ni?

Ẹ̀kẹta, ó ní kí wọ́n fọn ìwo àgbò bí Rosh Hashanah (ọdún tuntun àwọn Júù) bá bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi (Sátidé). Lónìí, àwọn Júù tó ń pa òfin àwọn Rábì mọ́ kì í fọn ọ́n ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ta ló yí i padà?

Àtùpà

Ẹ jẹ́ kí n mú ti pósí, kí ẹlòmíràn mú ti ìlànà.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ìtàn náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa: ojú ìwé 56 ìwé Gittin nínú Talmud Bábílónì (ìwé ńlá tó ń ṣàlàyé Míṣínà), ẹ̀dà méjì ìwé Avot de-Rabbi Natan, àti Eikhah Rabbah, àwọn àkójọ ẹ̀kọ́ àti ìtàn àwọn Rábì. Ẹ má pò wọ́n mọ́ra, nítorí wọn kò sọ ohun kan náà.

Nínú Gittin, Abba Sikra, ọmọ arábìnrin Yohanan, ni olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ti ẹnubodè pa. Òun náà ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí yóò dá: kó dùbúlẹ̀ bí aláìsàn kí àwọn ènìyàn máa wá kí i, kó gbé ohun tó ń rùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ kí wọ́n lè gbà pé ó ti kú, kó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò gbé e. Ohun kẹta yìí ni ẹ fara balẹ̀ wò: wọ́n gbà nígbà náà pé alààyè fúyẹ́ ju òkú lọ, nítorí náà àjèjì tó bá fi èjìká sí i yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Rábì Eliezer wà lápá kan, Rábì Yehoshua lápá kejì. Ní ẹnubodè, àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ fi ọ̀kọ̀ gún òkú náà wò. Abba Sikra ní àwọn ará Róòmù yóò sọ pé wọ́n gún olùkọ́ wọn. Wọ́n ní kí àwọn kúkú tì í. Ó ní wọn yóò sọ pé wọ́n ti olùkọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn nìyẹn.

Ohun tó tọrọ lọ́wọ́ Vespasian ni kí ẹ wá fi wéra. Gittin ní nǹkan mẹ́ta: Yavneh pẹ̀lú àwọn amòye rẹ̀, ìdílé Rabban Gamliel, àti oníṣègùn fún Rábì Zadok, ẹni tó ti gba ààwẹ̀ 40 ọdún kí Jerúsálẹ́mù má bàa parun. Ẹ̀dà kìíní Avot de-Rabbi Natan ní Yavneh nìkan ló béèrè, kó lè máa kọ́ni níbẹ̀, kó máa gbàdúrà, kó sì máa pa àṣẹ Ọlọ́run mọ́. Nínú Eikhah Rabbah, ìlú gan-an ló kọ́kọ́ bẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n kọ̀, ó ní kí wọ́n fi ẹnubodè ìwọ̀-oòrùn tó lọ sí Lod sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ jáde títí di wákàtí kẹrin ọjọ́ náà yè.

Ní ti bí àwọn ọdún ṣe tẹ̀léra: ọdún 67 ni Vespasian gbógun wọ Gálílì. Oṣù keje ọdún 69 ni àwọn ọmọ ogun kéde rẹ̀ ní Késárì. Ìgbà ìrúwé ọdún 70 ni Titus ọmọ rẹ̀ sàga ti Jerúsálẹ́mù, inú oṣù Av ọdún náà sì ni Tẹ́ḿpìlì jó. Bí Yohanan bá bá Vespasian pàdé lóòótọ́, á jẹ́ pé ó ti jáde tipẹ́ kí Titus tó tẹ́ ibùdó. Ẹ tún rántí pé Josephus, òpìtàn Júù ìgbà náà, sọ pé òun náà sọ tẹ́lẹ̀ fún Vespasian ní ọdún 67 pé yóò jọba, ìyẹn sì jọ èyí tí Gittin sọ nípa Yohanan gan-an. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnu méjì.

Josephus yìí kan náà kọ ọ́ pé Vespasian kó àwọn Júù tó túúbá sí Lod àti Yavneh kí ogun tó dé Jerúsálẹ́mù. Nítorí náà, èmi kò ka Yavneh sí ẹ̀bùn tí Késárì fi ta ọlọ́gbọ́n lọ́rẹ. Ibi tí wọ́n ń kó àwọn tó juwọ́ sílẹ̀ sí ni. Ohun tí Yohanan fi ibẹ̀ ṣe ló jẹ́ tirẹ̀.

Talmud kò sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ẹnìkan níbẹ̀ (wọ́n ní Rav Yosef ni, àwọn mìíràn ní Rábì Akiva) fi ẹsẹ Aísáyà tó ní Ọlọ́run ń dá ọlọ́gbọ́n padà sẹ́yìn bá a wí: Jerúsálẹ́mù ló yẹ kó tọrọ. Èsì tí wọ́n fún un ni pé Yohanan bẹ̀rù pé bí òun bá na ọwọ́ jù, díẹ̀ tó ṣeé gbà náà yóò bọ́.

Ìwé_Àtijọ́

Ẹ ṣeun, Àtùpà. Òǹkàwé, ọ̀fọ̀ kọ́ o. Ìrètí ni.

Ẹ mú ìlànà kọ̀ọ̀kan nínú orí kẹrin yẹn, kí ẹ bi í léèrè: ṣé nítorí ohun tó ti lọ ni, àbí nítorí ohun tí Yohanan ń retí pé yóò padà dé láìpẹ́, àbí nítorí pé ìdí òfin àtijọ́ ti kúrò nílẹ̀? Ìdáhùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á dì wọ́n ní ìdì kan ṣoṣo, wọ́n á pè é ní ìrántí Tẹ́ḿpìlì, ó parí.

Lulav, ìyẹn imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ń dì mọ́wọ́ ní Àjọ Àgọ́, ni ìrántí gidi. Nígbà tí Tẹ́ḿpìlì wà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú lulav ní ọjọ́ méjèèje Àjọ Àgọ́. Níbòmíràn, ọjọ́ kìn-ín-ní nìkan ni. Inú Léfítíkù 23:40 ni wọ́n ti fà á yọ: ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ẹ mú un, kí ẹ sì yọ̀ níwájú Olúwa ní ọjọ́ méje, "níwájú Olúwa" ni wọ́n kà sí Tẹ́ḿpìlì. Yohanan ní kí gbogbo ibi máa mú un fún ọjọ́ méje. Ohun tí wọ́n ń dì mọ́wọ́ ni imọ̀ ọ̀pẹ kan, hadas (ẹ̀ka igi mítílì) mẹ́ta, ẹ̀ka wílò méjì, àti èso etrog (irú ọsàn kan) kan, gẹ́gẹ́ bí Rábì Yishmael ṣe sọ. Rábì Akiva ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó. Hadas àti wílò kò gbọdọ̀ dín ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ 3. Imọ̀ ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ yọ ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lé e, kí ó lè ṣeé mì. Èyí tí wọ́n jí kò dára, èyí tó gbẹ kò dára.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní àti mẹ́fà tó kù kò parẹ́ nígbà tí Yohanan ṣe ìlànà yìí. Ọjọ́ kìn-ín-ní wá láti inú Tọ́rà (òfin Mósè), Tọ́rà sì ní "fún ara yín", nítorí náà lulav gbọ́dọ̀ jẹ́ tìrẹ. Lọ́jọ́ mẹ́fà tó kù o lè yá ti ẹlòmíràn. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọjọ́ kìn-ín-ní ńkọ́? Talmud fi èyí hàn nínú ọkọ̀ ojú omi: Rabban Gamliel nìkan ló ní lulav, ẹgbẹ̀rún owó zuz ló rà á. Ó lò ó, ó fi ta Rábì Yehoshua lọ́rẹ, òun náà fi ta Rábì Elazar ben Azariah lọ́rẹ, ìyẹn fi ta Rábì Akiva lọ́rẹ, Akiva sì dá a padà fún Gamliel. Ọrẹ tó ní kí á dá a padà ni, ṣùgbọ́n ọrẹ ni. Bí wọ́n bá kàn yá a láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni kan ṣoṣo ni ì bá ti ṣe ojúṣe rẹ̀.

Ó wá kan ọkà. Gbòǹgbò rẹ̀ ni Léfítíkù 23:14, tó ní kí wọ́n má jẹ ọkà tuntun títí di ọjọ́ náà gan-an, tó sì tún ní títí wọn yóò fi mú ọrẹ wá. Òdiwọ̀n méjì nínú ẹsẹ kan. Talmud là á báyìí: bí Tẹ́ḿpìlì bá wà, ọrẹ omer ló ń tú òfin náà, bí kò bá sí, ìmọ́lẹ̀ ìlà-oòrùn ní àárọ̀ ọjọ́ 16 ló ń tú u. Omer fúnra rẹ̀ kì í yára ṣe. Òru ni wọ́n ń gé ọkà báálì náà, òṣùwọ̀n séà 3. Wọ́n á pa á, wọ́n á fi iná yan án, wọ́n á tẹ́ ẹ sí àgbàlá kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ 13 sẹ́ ẹ títí yóò fi ku ìdámẹ́wàá òṣùwọ̀n éfà kan. Ẹni tó wà ní Jerúsálẹ́mù ń fi ojú rí i nígbà tí wọ́n bá rú u. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè jẹun láti ọ̀sán, nítorí ó dá a lójú pé ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kì í fi iṣẹ́ yìí falẹ̀.

Ẹ wá fi ojú inú wò ó. Tẹ́ḿpìlì ti jó. Lọ́dọọdún, ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́ ní ọjọ́ 16, oníkálukú ti bu ọkà tuntun sẹ́nu. Tí wọ́n bá wá kọ́ Tẹ́ḿpìlì lójijì, àwọn ènìyàn yóò ní: ṣebí nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni a jẹun lọ́dún tó kọjá? Wọ́n á jẹ kí wọ́n tó rú omer, wọ́n á sì dẹ́ṣẹ̀ láìmọ̀. Nítorí èyí ni Yohanan ṣe ti gbogbo ọjọ́ náà pa. Òfin tí ọkùnrin kan ṣe nígbà tí òórùn iná ṣì wà ní imú wọn nìyí, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù ni kí Tẹ́ḿpìlì má padà dé bá wọn láìmúrasílẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ohun tó sọ irú ẹni tó jẹ́ fún wa tó èyí, àní pósí pàápàá kò tó o.

Ẹ̀rí oṣù tuntun ni irú kẹta, èyí tí ìdí rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Oṣù lè jẹ́ ọjọ́ 29 tàbí 30, ẹlẹ́rìí tó bá rí oṣù ló ń jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ya ọjọ́ sọ́tọ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń gba ẹ̀rí. Nígbà kan àwọn ẹlẹ́rìí pẹ́, àwọn ọmọ Léfì kò mọ̀ bóyá orin ọjọ́ lásán ni àwọn yóò kọ sí ẹbọ ìrọ̀lẹ́ tàbí orin àjọ̀dún, wọ́n sì ṣe àṣìṣe. Láti ìgbà náà, ẹ̀rí kò kọjá àkókò ẹbọ ìrọ̀lẹ́ mọ́. Nígbà tí kò sí ẹbọ, kò sí orin tí wọn yóò ṣì kọ, Yohanan sì dá a padà sí gbogbo ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí: ìdí tó kúrò kò tú òfin náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ bá fi ìbò dè, ìbò mìíràn ló gbọ́dọ̀ tú u. Ìdí nìyẹn tó fi ní láti ṣe ìlànà.

Òǹkàwé_71

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ibì kan ṣì dí mi lójú. Ẹ ní ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè jẹun láti ọ̀sán nígbà tí Tẹ́ḿpìlì wà. Ó dáa, ká ní wọ́n kọ́ ọ tán, ṣebí láti ọ̀sán náà ni wọn yóò máa jẹ? Ìfòfindè títí di ọ̀sán ì bá ti tó. Kí ló gbé e dé alẹ́?

Ìwé_Àtijọ́

Ìbéèrè Talmud gan-an lẹ bi yẹn. Bí wọ́n bá kọ́ Tẹ́ḿpìlì tán ní ọ̀sán ọjọ́ 16, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti tú ọkà náà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 15 tàbí kó tó dìgbà náà, láti ọ̀sán ọjọ́ kejì wọ́n lè jẹ. Ibi tí ewu wà ni bí wọ́n bá parí rẹ̀ nígbà tí oòrùn ọjọ́ 15 fẹ́ wọ̀, tàbí ní òru. Ìgbìmọ̀ kò ní ráyè. Gígé, yíyan, lílọ̀, asẹ́ 13: bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ́, omer lè má tíì délẹ̀ nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n, ẹni tó sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ìgbìmọ̀ kì í falẹ̀ yóò ti jẹun.

Rav Nahman bar Yitzhak gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní bí Rábì Yehuda ṣe ka ẹsẹ náà ni Yohanan kà á: "títí di ọjọ́ náà gan-an" kó ọjọ́ náà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà Tọ́rà fúnra rẹ̀ ló ti gbogbo ọjọ́ pa, Yohanan kàn ṣàlàyé rẹ̀ fún aráyé ni. Bí ẹ bá tẹ̀lé e, èyí kì í ṣe ìlànà rárá. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Ní ti ìwo àgbò, ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní Tẹ́ḿpìlì wọ́n ń fọn ọ́n ní Ọjọ́ Ìsinmi, ní ìgbèríko wọn kì í fọn ọ́n. Ọdún kan Rosh Hashanah bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìlú agbègbè sì péjọ sí Yavneh. Yohanan sọ fún àwọn ọmọ Beteira, ìdílé àwọn amòye kan, pé kí àwọn fọn ọ́n. Wọ́n ní kí àwọn jíròrò ná. Ó ní kí àwọn fọn ọ́n, kí àwọn tó jíròrò. Wọ́n fọn ọ́n tán, wọ́n ní ó yá, ẹ jẹ́ ká jíròrò. Ó ní wọ́n ti gbọ́ ohùn ìwo ní Yavneh, a kì í dá ohun tó ti ṣẹ padà.

Èyí kò mú Yavneh dọ́gba pẹ̀lú Jerúsálẹ́mù, Míṣínà kò gbàgbé ìyẹn. Ní ti Jerúsálẹ́mù, ìlú tó yí i ká náà lè fọn ìwo bí ó bá kún òṣùwọ̀n mẹ́rin: kó lè rí Jerúsálẹ́mù (èyí yọ ìlú inú àfonífojì), kó lè gbọ́ (ó yọ ìlú orí òkè), kó wà nítòsí (ó yọ èyí tó kọjá ìgbọ̀nwọ́ 2000 tí wọ́n lè rìn ní Ọjọ́ Ìsinmi), kó sì lè wá (ó yọ èyí tí odò pààlà). Ní Yavneh, iwájú ìgbìmọ̀ nìkan ni.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn yín wà, nítorí kò sẹ́ni tó yí ìlànà náà padà. Rabbah ṣàlàyé pé ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ẹnìkan má gbé ìwo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn kó lè kọ́ ọ, kó sì gbé e kọjá ìgbọ̀nwọ́ 4 ní ìta gbangba, èyí tí í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Níbi tí ìgbìmọ̀ bá jókòó, ojú wọn ń ṣọ́ ọ. Níbi tí kò bá sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ìfòfindè dúró. Wọ́n jẹ́rìí pé Isaac Alfasi, amòye òfin ní ọ̀rúndún kọkànlá, ṣì ń jẹ́ kí wọ́n fọn ọ́n níwájú ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ní ìgbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò bá a lọ.

Ẹlẹ́kọ̀ọ́Òru

Ẹ gba mí láyè kí n fi díẹ̀ kún un, nítorí mo rí i pé àwọn kan máa ń sọ pé Yohanan "fi àdúrà rọ́pò ẹbọ". Ohun tí Avot de-Rabbi Natan sọ kọ́ nìyẹn. Rábì Yehoshua rí àwókù Tẹ́ḿpìlì, ó ní ègbé ni fún wa, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ètùtù ẹ̀ṣẹ̀ Ísírẹ́lì ti di ahoro. Yohanan dá a lóhùn pé ètùtù mìíràn wà tó bá a dọ́gba, ìṣe àánú ni, ó sì fi Hóséà 6:6 gbè é lẹ́sẹ̀: àánú ni mo fẹ́, kì í ṣe ẹbọ. Àánú ló sọ. Kò dárúkọ àdúrà.

Ẹ tún wo ìlànà kan tí kò sí nínú orí yẹn, tó tako ìrètí tí Ìwé_Àtijọ́ sọ, tó sì tún fi hàn pé ìrètí náà kò fọ́ ọ lójú. Aláwọ̀ṣe tó bá wọ inú ẹ̀sìn gbọ́dọ̀ rú ẹbọ ẹyẹ méjì. Bí kò ti sí Tẹ́ḿpìlì, wọ́n ní kó ya ìdámẹ́rin owó fàdákà kan sọ́tọ̀ kó lè rà wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọ. Rábì Shimon jẹ́rìí pé Yohanan fi ìbò pa á rẹ́, nítorí ìkọsẹ̀. Owó mímọ́ á wà nínú ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, á dà pọ̀ mọ́ owó ọjà, ẹnìkan á sì ná an. Òfin ọkà tuntun, ebi ọjọ́ kan péré ló ń ná ènìyàn. Ti owó yìí, ìdẹkùn ló ń dẹ sínú àpótí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí ẹnu wọn ni gbogbo èyí ti jáde. Márùn-ún ni Avot, ìwé kan nínú Míṣínà, dárúkọ: Eliezer ben Hyrcanus, kànga tí wọ́n rẹ́ dáadáa tí kì í jò ẹ̀kán kan, Yehoshua ben Hananiah, ẹni tí a ń sọ pé ìyá tó bí i ṣoríire, Yose àlùfáà, olùfọkànsìn, Shimon ben Netanel, ẹni tó bẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀, àti Elazar ben Arakh, orísun tí omi rẹ̀ ń ru sókè sí i. Nígbà tó béèrè ọ̀nà rere tí ènìyàn yóò dì mú, Elazar ní "ọkàn rere", Yohanan sì ní èsì yìí ló kó ti àwọn tó kù sínú. Elazar yìí kan náà ló lọ gbé níbi tí omi ìwẹ̀ àti wáìnì ti dùn, tó jìnnà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó padà dé, wọ́n ní kó ka Ẹ́kísódù 12:2, "oṣù yìí ni fún yín". Nínú àwọn lẹ́tà Hébérù, ó ka dalet sí resh, ó ka zayin sí yod, ó ka kaf sí bet, gbólóhùn náà sì wá di "ṣé ọkàn wọn ti di adití ni?" Lẹ́tà mẹ́ta péré tó jọra. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbàdúrà fún un títí ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi padà.

Mẹ́sàn-án ni Talmud ka ìlànà Yohanan sí, wọ́n sì ń jiyàn lórí ìkẹsàn-án. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ojú ṣì ń rí ní sínágọ́gù títí di òní: àlùfáà kò gbọdọ̀ wọ sálúbàtà gun orí pèpéle láti súre. Rav Ashi sọ ìdí rẹ̀. Bí okùn sálúbàtà bá já, àlùfáà á jókòó so ó nígbà tí àwọn arákùnrin rẹ̀ ti gbé ọwọ́ sókè. Àwọn tó ń wò ó kò ní mọ̀ pé okùn ló já. Wọ́n á ní ọmọ obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ ni, irú èyí tí àlùfáà kò gbọdọ̀ fẹ́, òun ló fà á tí kò fi lè bá wọn súre.